Ọkọ̀ Ìdílé àti Rẹmọ́kì Lójú Ọ̀nà Kétu

Nígbà tí àgbàdo bá gbó ní Kétu, láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, ọ̀nà wa a máa kún fún ohun tí ń fa ẹrù. Lára wọn ni ọkọ̀ ńlá ti ìdílé, èyí tí a rà láti fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí a wá so rẹmọ́kì mọ́ nídìí. Orúkọ Faransé náà ti mọ́ wa lẹ́nu. Bí a bá sì pè é ní ọkọ̀ ìfàsẹ́yìn, ta ni yóò fẹ́ kó ọjà rẹ̀ sí i?

Ilé tiwa náà ní ọ̀kan. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà nínú àgbàdo yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ bí yóò ṣe dé ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu ló ti sìn ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kí ó tó kàn wá. Lára àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, òmíràn a máa ní bọ́tìnì kékeré kan tí a kọ TOW/HAUL sí. Tiwa ní in. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà gbà pé agbára ló wà nínú rẹ̀: bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á di akọ màlúù. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni wá. A ka ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá.

Bọ́tìnì náà kò fi ohunkóhun kún agbára ẹ́ńjìnnì. Ìwà àpótí vitẹ́ẹ̀sì ni ó ń yí padà. Ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ vitẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ a máa tètè bọ́ sí vitẹ́ẹ̀sì òkè, kí epo má baà lọ púpọ̀. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí òkè, agbára kò ní tó. Á padà sí ti ìsàlẹ̀, á tún gòkè, á tún padà, títí epo inú àpótí náà yóò fi gbóná. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, yóò dúró pẹ́ lórí vitẹ́ẹ̀sì ìsàlẹ̀. Bí a bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò máa dá ọkọ̀ dúró díẹ̀díẹ̀, kí ìjánu má baà gbóná jù kí ó sì kọ iṣẹ́.

Ẹni tó mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́ mọ ibi tí èyí ti wúlò. Láti Kétu sí Pobẹ̀, a ń fi ilẹ̀ pupa wa sílẹ̀, a ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì Ìsàbà, nílẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lásìkò òjò, tí ó sì ń sán lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà a tún gòkè. Kì í ṣe òkè ńlá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfìfo lè má tilẹ̀ kíyè sí i.

Ìṣirò ló kù, kò sì sí bọ́tìnì tí yóò bá wa ṣe é. Àpò àgbàdo mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 kílò, jẹ́ 600 kílò. Bí rẹmọ́kì òfìfo bá wọn 150 kílò, a ti dé 750. Ní Yúróòpù, rẹmọ́kì tó bá ju 750 kílò lọ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìjánu tirẹ̀. Èyí tí àwọn tó ń jó irin ń ṣe fún wa níhìn-ín kì í sábà ní ìjánu rárá. Kí a sì ṣọ́ra: pọ́n-ùn ni ìwé ọkọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń fi ṣe ìwọ̀n. Bí ó bá kọ 2000, pọ́n-ùn ni, kò ju nǹkan bí 907 kílò lọ.

Bí a ṣe to ẹrù náà ṣe pàtàkì. Bí àpò bá pọ̀ sí ẹ̀yìn táyà rẹmọ́kì, ìdí rẹ̀ yóò máa jù bí ìrù ejò. Iwájú díẹ̀ ni kí ìwúwo wà. Bí ó bá ti ń jù, ẹni tó tẹ ìjánu pa yóò dojú rẹ̀ délẹ̀. Kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí a di fòláǹ mú gbọnin, kí eré rọra lọ sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n méjì tí a gbé kọjá ara wọn lábẹ́ ibi ìsomọ́ ni yóò mú rẹmọ́kì dúró bí irin ìsomọ́ bá já.

Ohun tó fa ariwo jù nílé wa ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jókòó sórí àpò bí a bá ń ti oko bọ̀. A kọ̀. Wọ́n ní ìwà òyìnbó ni. Ẹ̀gbọ́n wa bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní láyé àtijọ́ orí ẹrù ni gbogbo ènìyàn ń jókòó. Òótọ́ ni. A sì bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọ yóò dì mú bí rẹmọ́kì bá yí. Wọ́n dákẹ́. Láti ìgbà náà, zémidjan ni àwọn ọmọ ń gùn bọ̀, àwa la sì ń san owó rẹ̀.

Ní ìkórè tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní kíláàsì terminale, ló yẹ ẹ̀wọ̀n àti táyà wò kí a tó gbéra. Àpò mẹ́rin péré ló jẹ́ kí a kó. Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ kí a fi méjì kún un, nítorí owó epo. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní kí bàbá ó má bínú, ìrìn-àjò kejì yóò kó ìyókù.