Ohun Tí Àjà Gáréèjì Kan Kọ́ Wa

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé yìí ní kí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, a mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni bíi tiwa. Ẹ dárí jì wá. Ọ̀rọ̀ àjà ilé ni a fẹ́ sọ, nítorí pé àjà náà ti wàásù fún wa.

Lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, a padà sí Ọ̀rà, ìlú wa. Gáréèjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa níbẹ̀. Kì í ṣe gáréèjì àwọn awakọ̀ èrò o. Yàrá tí a kọ́ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn àti 12 ní ìbú. Nígbà tí a ta ọkọ̀, a kó bẹ́ǹṣì sí ibẹ̀, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ láti aago mẹ́ta ọ̀sán. Páànù lásán ni òrùlé rẹ̀. Ó ti dípẹtà, kò sì ga. Ẹni tí ó bá mọ oòrùn oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yóò mọ ohun tí a ń wí. Òógùn ń kán sórí ìwé àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ráhùn, a máa ń sọ fún wọn pé ní ìgbà tiwa, a fara da ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní òòyì ń kọ́ òun. A ní kí ó parí ìṣirò tí ó wà níwájú rẹ̀ ná. Kò parí rẹ̀ tí ó fi ṣubú. A gbé e lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, a fi omi tútù nu ara rẹ̀, a ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, kò bá wa wí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé a tọ́jú ọmọ òun. Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí a lè sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ti ka òfin inú Diutarónómì orí 22, ẹsẹ 8, tí ó pàṣẹ pé kí ẹni tí ó kọ́ ilé ṣe ohun ìdènà yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣubú láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. A ti fi ẹsẹ náà wàásù rí. Òrùlé tiwa ni a kò wò.

Owó ìfẹ̀yìntì kò tó gbé oníṣẹ́ wá, nítorí náà a pinnu láti fi ọwọ́ ara wa ṣe àjà. A ra igi àti plywood, àwọn ọmọ di àkàbà mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí kàn án. A fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò etí òrùlé, kí alángbá àti àdán má baà wọlé. Nígbà tí a parí, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ooru náà tún padà, ó sì ń pẹ́ kí ó tó lọ ní alẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, a rí àbàwọ́n omi lára àjà, bẹ́ẹ̀ ni páànù kò sì jò.

A ránṣẹ́ sí ọkùnrin káfíńtà kan tí ó wà ní kíláàsì méjì lẹ́yìn wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Títí di òní, “Sẹ́níọ̀” ni ó ń pè wá. Ó wo òkè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: “Sẹ́níọ̀, ẹ ti fi ọmọrí dé ìkòkò tí ó ń hó. Ibo ni ẹ fẹ́ kí ooru gbà jáde?”

Ọ̀rọ̀ náà rán wa létí ẹ̀kọ́ físíìsì tí a ti kọ́ sórí fún ìdánwò, tí a sì gbàgbé. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa fúyẹ́, a sì máa gòkè. Bí páànù bá gbóná, ó ń ta ooru sí àjà láti òkè. Bí afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín wọn kò bá rí ọ̀nà lọ, ooru yóò wọ inú plywood títí yóò fi dé orí ẹni tí ó jókòó sísàlẹ̀. Ní òru ẹ̀wẹ̀, páànù a tètè tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sì di omi lábẹ́ rẹ̀, a máa kán sórí àjà. Ibẹ̀ ni àbàwọ́n wa ti wá. Àwọn bàbá wa kò ka físíìsì, ṣùgbọ́n wọ́n ń to igi sórí yàrá, wọ́n ń fi amọ̀ rẹ́ ẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní àjà, wọ́n sì ń fi koríko bo òrùlé sókè rẹ̀. Amọ̀ nípọn, koríko gba afẹ́fẹ́ sínú, yàrá sì tutù.

A tún un ṣe ní Sátidé mẹ́rin. A la ihò sí etí òrùlé lápá méjèèjì, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù yóò gbà wọlé. A la òmíràn sókè lára ògiri méjèèjì níbi tí òrùlé ti ṣe ṣónṣó, níbi tí èyí tí ó gbóná yóò gbà jáde. A fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo wọn nítorí àdán àti eku. Lẹ́yìn náà, a ta fọ́ìlì sábẹ́ igi òrùlé, a dojú ibi tí ó ń dán kọ ilẹ̀, kí eruku ọyẹ́ má baà bà lé e; a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti àjà. A pa iná, a sì wo wáyà gbogbo kí fọ́ìlì tó sún mọ́ ọn. Níkẹyìn, a ṣí fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn, nítorí pé àjà tí ó dára kò lè ṣe iṣẹ́ fèrèsé.

Ohun méjì ni káfíńtà náà kìlọ̀ fún wa lé lórí, a sì fi wọ́n lé yín lọ́wọ́. A ti rí ògbólógbòó páálí asbestos gbà lọ́fẹ̀ẹ́, a sì fẹ́ fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó gbà á lọ́wọ́ wa. Eruku asbestos tí ènìyàn bá fà símú lè di àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe rẹ́ ẹ, ẹ má ṣe fọ́ ọ. Èkejì ni pé kò sí ihò afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ tó láti mú kí jẹnẹrétọ̀ ṣeé tàn nínú gáréèjì. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí ó ń pani láìní òórùn.

Nísinsìnyí, oòrùn ṣì ń mú ní Ọ̀rà, ṣùgbọ́n ìwé àwọn ọmọ ti gbẹ. Kí a tó pe ọmọbìnrin náà padà sí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, a jẹ́wọ́ pé ọmọ náà sọ fún wa pé ara òun kò dá, a kò sì gbọ́. A tọrọ àforíjì. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì, ó wá ní: “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a ti ń kó owó àjọ̀dún jọ, ẹ jẹ́ kí a wọ inú kíláàsì lọ ní aago méjì ọ̀sán, kí a jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ fún wákàtí kan, kí a tó pinnu ohun tí a óò fi owó náà ṣe. Bí ọmọ kan bá sì nawọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọdún á yabo.