Ewé lójú títì Wyoming

Laramie, Wyoming
Ọjọ́ 9, oṣù kẹta

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé Màámi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí nítorí ojú yín; kí wọ́n jọ̀wọ́ má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti ń ka iye. Ara mi le. Ìlú tí mo wà yìí ga ju 7,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Òkè Ìdànrè tí ẹ mú wa gùn lọ́dún tí mo jáde ìwé mẹ́fà kò tó ìdajì rẹ̀. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé tí mo dé sí, mo ní láti dúró mí kanlẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Níjọ́ tí ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mo wá ṣe níbi tó jìn tó báyìí, mo ní mo wá ṣètò ìwádìí lórí bí ojú ọ̀nà ṣe lè máa bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí jàǹbá lè dín kù. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wá ní, "Ṣé ojú ọ̀nà kì í bá wa sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Òun ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà gígùn yìí.

Lánàá, olùkọ́ tó gbà mí lálejò ní yunifásítì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí Cheyenne, olú ìlú ìpínlẹ̀ yìí. Ọ̀nà I-80 la gbà. Bàbá, tírélà! Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí eèrà. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ New York, ó parí sí San Francisco, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń sọdá Amẹ́ríkà láti etí òkun kan dé èkejì ló sì ń gba ibẹ̀. Nínú Wyoming nìkan, máìlì 402 ni. Ibi tó ga jù lórí ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń pè ní Sherman, 8,640 ẹsẹ̀ bàtà. A yà síbẹ̀ wo ère orí Abraham Lincoln tí wọ́n gbé ka òkúta gíga, tó doríkodò tó ń wo títì. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi. Irú atẹ́gùn yìí ló ń da tírélà tí kò rẹrù nù níbí. Bó bá le, wọn a ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ gíga tó fúyẹ́, wọn a sì jẹ́ kí èyí tó rẹrù kọjá. Mo rántí pé nígbà tí ẹ ń wa lọ́rì, ẹ máa ń sọ pé lọ́rì òfìfo ló ń bà yín lẹ́rù lórí afárá Jẹ́bbà nígbà òjò. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Yìnyín ibí náà tún yàtọ̀. Èyí tó ń já bọ́ láti òkè kọ́ ló burú jù. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbé dìde, tí á máa fẹ́ ẹ gba ojú títì kọjá bí ìyẹ̀fun. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, oòrùn á máa ràn, síbẹ̀ awakọ̀ kò ní rí imú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 2020, ọkọ̀ tó lé ní 100 kọlu ara wọn lójú ọ̀nà yìí lẹ́bàá Wamsutter. Ènìyàn 3 ló kú. Ẹni iwájú ti dúró, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀. Gbogbo ìmọ̀ tí mo wá kọ́ níbí kò ju bí a ó ṣe jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn mọ̀ lọ.

Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yan ibi 3 tí wọn yóò ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò: ìlú New York, ìlú Tampa ní Florida, àti ọ̀nà I-80 nínú Wyoming. Ọdún àkọ́kọ́, ètò nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pinnu láti gbé ẹ̀rọ bíi 75 sórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n sì fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ bíi 400: tírélà wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń ro yìnyín kúrò lójú títì náà wà níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò yé yín. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ń fi rédíò kéde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo: ibi tí mo wà rèé, bí mo ṣe ń sáré tó rèé, mo ti ń tẹ bíréèkì. Kò dárúkọ awakọ̀, kò ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ọkọ̀ tó wà nítòsí á gbọ́, òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà á gbọ́, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀nà ní Cheyenne. Àwọn náà á fèsì gba ara òpó: atẹ́gùn ń jà níwájú, wọ́n ń tún títì ṣe ní máìlì kan sí i, ẹ dẹwọ́ eré, wọ́n ti ti ọ̀nà. Èsì náà á hàn lójú gíláàsì kékeré kan níwájú awakọ̀.

Bí jàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀ níbi tí òpó kò sí ńkọ́? Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ tó wà nínú wàhálà á máa ké lórí rédíò rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn tó bá ń kọjá, tó ní irú ẹ̀rọ kan náà, á gba igbe náà mọ́ra, á gbé e lọ títí yóò fi kan òpó, á sì já a sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ mi ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń rí, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà Mọ́kwà, tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Jẹ́bbà fún mẹkáníìkì kí ẹ tó jẹun.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Rédíò yìí kì í lọ jìnnà. Ká ní òpó kan ń gbọ́ 300 mítà síwájú àti 300 mítà sẹ́yìn. Òpó 75 á gba kìlómítà 45. Ọ̀nà náà sì jẹ́ kìlómítà 647! Kìlómítà tó lé ní 600 ni òpó kankan kò ní fọhùn níbẹ̀. Wọ́n fi sátẹ́láìtì kún un, tó ń gbé ìròyìn ojú ọjọ́ dé ibi tí òpó kò dé, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò lè fi etí gbọ́ bíréèkì ẹni iwájú yín. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú irú ìwádìí yìí kì í ṣe irú ẹ̀rọ wo ni ká rà. Níbo ni ká ri òpó sí? Ta ló mọ ibẹ̀?

Àwọn ará ibí ní ìtàn kan lórí èyí. Ọ̀nà àtijọ́ àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin yípo gba Medicine Bow ní àríwá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la I-80, àwọn ẹnjiníà wo máàpù, wọ́n rí i pé bí àwọn bá gba ẹ̀gbẹ́ òkè Elk Mountain, ọ̀nà á fi máìlì bíi 20 kúrú. Àwọn tó ń sin màlúù lágbègbè náà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe é, pé ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn àti yìnyín fi ṣe ibùjókòó. Wọ́n là á síbẹ̀. Ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1970 ni wọ́n ṣí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí yìnyín fi tì í. Títí dòní, Snow Chi Minh Trail ni àwọn awakọ̀ ń pè é, orúkọ tí wọ́n yá lára ọ̀nà àwọn ológun Vietnam. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ronald Tabler ló wá wọn bí atẹ́gùn ṣe ń gbé yìnyín, tó sì fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe kan ọgbà pákó gíga sójú atẹ́gùn, kí yìnyín lè balẹ̀ sẹ́yìn ọgbà kó tó dé títì. Mo lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹbẹ nínú pápá, kò sí ẹran tí wọ́n ń sé mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin màlúù ti mọ ohun tí Tabler wá wọn, kò kàn sí nínú ètò ni.

Bàbá, nígbà tí mo padà dé yàrá mi, mo ṣí ìwé ètò tí mo kó wá láti ilé. Ojú ìwé 12 àkọ́kọ́ ló dá lé ẹ̀rọ. Kò sí ojú ìwé kan tó dá lé awakọ̀. Mo jókòó, mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ètò tuntun náà rèé. Oṣù 6 àkọ́kọ́, a ò ní ra nǹkankan. A ó lọ sí gáréèjì, a ó bá àwọn tó ń wa ọ̀nà Ìbàdàn sí Jẹ́bbà jókòó. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti wà láti 1988, ìgbà tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ wọn sì lè sọ ibi tí ọkọ̀ ti dànù. Kò sí àkọsílẹ̀ tó lè sọ ibi tí ọkọ̀ ìbá ti dànù tí Ọlọ́run kò gbà. Ẹnu awakọ̀ nìyẹn wà. Lẹ́yìn náà la ó yan kọ́nà díẹ̀, ká ri òpó síbẹ̀, òpó tó ń fi oòrùn ṣe iná ara rẹ̀, nítorí ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. A ó fi ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ tó bá gbà, kó kọ́kọ́ máa ṣàkọsílẹ̀ láìfọhùn fún oṣù mélòó kan: bí eré ṣe tó ní ẹnu kọ́nà, ibi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì lójijì. Jàǹbá fúnra rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbì kan náà tó èyí tí a lè fi ṣe ìṣirò, àmọ́ bíréèkì òjijì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà náà la ó wá jẹ́ kí ẹ̀rọ fọhùn, ká wo ohun tó yí padà.

Mo sì ti pinnu pé òpó la ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ 1 nínú 10 bá ní ẹ̀rọ, tí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ẹ̀ẹ̀kan nínú 100 ni àwọn méjèèjì yóò jọ ní in. Òpó orí kọ́nà ní tirẹ̀ yóò bá ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ní ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nígbàkúùgbà tó bá kọjá. Ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé tòkunbọ̀ la ń wà, a ò lè dúró de ìgbà tí gbogbo ọkọ̀ yóò di tuntun.

Nǹkan méjì ló ṣì ń kọ mí lóminú. Èkíní ni èdè. Amẹ́ríkà ya ààyè rédíò 75 megahertz sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 1999. Ní 2020 wọ́n pinnu láti fi 45 nínú rẹ̀ fún Wi-Fi, wọ́n sì ní kí 30 tó kù lo èdè mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń sọ ti àkọ́kọ́ kò gbọ́ ti èkejì. Gbogbo awakọ̀ ilẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ Haúsá, ìbáà jẹ́ Nupe, ló gbọ́ èdè ewé tí a ń ṣẹ́ sójú títì bí ọkọ̀ bá bàjẹ́.

Èkejì ni òótọ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo tẹ̀lé yín lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ìsinmi, tí táyà fọ́, tí ẹ ní kí ọmọ ọkọ̀ ṣẹ́ ewé sójú títì. Nígbà tí a tún ọkọ̀ ṣe tán, ó fẹ́ fò gòkè ká máa lọ. Ẹ ní kó padà lọ kó ewé rẹ̀ nílẹ̀. Inú bí yín gan-an. Ẹ ní bí ẹni tó ń bọ̀ bá rí ewé tí kò rí ọkọ̀, ewé tó bá tún rí lọ́la kò ní já mọ́ nǹkankan lójú rẹ̀. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ìbínú yẹn ti pọ̀ jù. Báyìí mo ti rí i pé bí òpó mi bá kìlọ̀ lásán lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, awakọ̀ á fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà lójú, òun ni yóò sì jàre. Mo ti kọ ọ́ sínú ètò pé ìkìlọ̀ tí kò bá lẹ́rìí mọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí òpó lójú ẹsẹ̀, àti ẹni tí yóò mú un kúrò.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò lè kọ láìgbọ́ tẹnu yín. Tírélà tó ń sá máìlì 75 ní wákàtí kan ń gba bíi mítà 33 kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí òpó bá sọ̀rọ̀ ní 300 mítà, ìṣẹ́jú àáyá 9 ló kù fún awakọ̀ láti gbọ́, láti gbà, láti tẹ bíréèkì. Mi ò mọ̀ bóyá ó tó fún lọ́rì tó kó iṣu kún dé òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà tí òjò pa. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ máa ń rìn sẹ́yìn kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, tí ẹ máa ń ka ìṣísẹ̀ sábẹ́ ẹnu kí ẹ tó fi ewé lélẹ̀, àti pé iye náà kì í dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún Màámi kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ mélòó ni lójú títì gbígbẹ? Mélòó bí òjò bá rọ̀? Mélòó ní orí ìdàgẹ̀rẹ̀, àti lóru?

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì.