Eré Ọkọ̀ Wa

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láti kékeré ni a ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn wá, a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Bàbá wa fi ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀ fún àwa àti àbúrò wa. Inú ikùn ọkọ̀ náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, kì í ṣe ìdí rẹ̀ lẹ́yìn bí ti àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Òun ni a fi ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Èkó. Ní àtètèkọ́ṣe, ó ń sáré tó kílómítà 43 ní wákàtí kan. Nígbà tí ó yá, kò lè ju 33 lọ mọ́. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà a pinnu láti ra ẹ̀rọ tí ó lágbára jù ú lọ, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni a sì fẹ́ fi rà á.

Kí a tó náwó náà, a tọ àgbà kan lọ tí ó ti ń kan ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni ó wí, “ǹjẹ́ ẹ ti wo abẹ́ ọkọ̀ náà?”

“Rárá, Bàbá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni ó gbó.”

“Ta ni ó sọ fún yín? Ẹ fà á gòkè ná.”

Ohun tí a rí dójú tì wá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a máa wọ inú ọ̀sà láti òkun, ìkarahun wẹ́wẹ́ a sì máa lẹ̀ mọ́ igi ọkọ̀. Ìkarahun wọ̀nyí ti bo abẹ́ ọkọ̀ wa bí èélá. Lábẹ́ pákó ìtẹ̀lẹ̀ ni a tún ti gbọ́n omi tí ó tó lítà 200. Ìwọ̀n lítà kan jẹ́ kílò kan: a ti ń gbé èrò bí mẹ́ta kiri tí kò san kọ́bọ̀!

A ha ìkarahun, a gbọ́n omi dànù. Iye tí ó yẹ kí ẹ̀rọ wa yí ní ìṣẹ́jú kan ni 3,600. Tẹ́lẹ̀, 3,000 ni ó ń yí. Nísinsìnyí ó di 3,250. Bàbá mi orí. Ó béèrè àjẹ̀ irin tí ó ń yí nínú omi, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní pùròpẹ́là.

Níhìn-ín ni àṣírí wa tú. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwa fúnra wa ni a yọ èyí tí bàbá wa lò, tí à bá máa fi íǹṣì 15 lọ síwájú bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé omi kò yẹ̀ fún un. A fi oní-íǹṣì 17 rọ́pò rẹ̀, a rò pé ẹsẹ̀ gígùn ni eré. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí a gbé ẹrù àgbà lé lórí kò lè sáré. Ọrùn ni yóò máa dùn ún. Bí ẹ̀rọ bá pẹ́ nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀, ooru yóò bà á jẹ́. A dá ti bàbá wa padà. Ẹ̀rọ yí 3,600, ọkọ̀ sì sá kílómítà 43.

Inú àbúrò wa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí a wá 60. A rán an létí Malcolm Campbell, ẹni tí ó fi ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú sínú Bluebird K4, tí ó sì sá kílómítà 228 ní wákàtí kan lórí adágún Coniston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939. Lórí adágún kan náà ni Donald ọmọ rẹ̀ kú sí ní 1967, níbi tí ó ti ń lépa eré tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èrò ni àwa ń kó, a kò bá ẹnikẹ́ni díje.

Àwọn ọmọ wa wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin olùkàwé wa, bí ohun yín kò bá sáré mọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.