Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wá

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní "ọmọ mi kú" sàn ju "ọmọ mi nù" lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò sin ín, ará àti ọ̀rẹ́ yóò wá bá a dárò, ọjọ́ yóò sì máa gorí ọjọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò lè sin òkú tí kò rí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ti ilẹ̀kùn sùn, nítorí bóyá ọmọ ń bọ̀.

Àwa tí a ń gbé ní Dallas kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Fort Worth, tí ó tó nǹkan bí máìlì 30 sí wa, ọjà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà I-35W tí wọ́n ń pè ní La Gran Plaza. Seminary South ni wọ́n ń pè é láyé ìgbà kan. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1974, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta wakọ̀ lọ síbẹ̀ láti ra nǹkan ọdún Kérésìmesì: Rachel Trlica, ọmọ ọdún 17, Renee Wilson, ọmọ ọdún 14, àti Julie Ann Moseley, ọmọ ọdún 9. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí wọn kò dé, àwọn ẹbí wá wọn lọ. Mọ́tò wọn ni wọ́n bá níbi tí wọ́n gbé e sí. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà kan dé ọwọ́ ọkọ Rachel pé àwọn lọ sí Houston, àwọn yóò dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ẹbí Rachel kò gbà pé òun ló kọ ọ́. Ó ti lé ní 50 ọdún báyìí, a kò tíì rí ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn tó wá wọn kò kéré. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, Jon Swaim, gba iṣẹ́ náà ní 1975. Nígbà tó kú ní 1979, wọ́n ní ó ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n run gbogbo ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà. Àwọn ọlọ́pàá Fort Worth tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní 2001. Ní 2018, wọ́n fa àwọn mọ́tò àtijọ́ jáde nínú adágún omi Benbrook, ìyẹn náà kò yanjú rẹ̀.

Bí ọlọ́pàá bá fẹ̀yìn tì, yóò dá aṣọ àti káàdì iṣẹ́ padà. Ọ̀ràn tí kò yanjú ni kò ṣe é dá padà. Èyí ló mú wa rántí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní London, Will O'Reilly, nítorí ọ̀ràn tirẹ̀ kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú odò Thames. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò kọjá bí ọdún mẹ́rin sí méje. A kò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, nítorí àwọn ọmọ wa ń ka ìwé yìí. Kò sí ẹni tó wá sọ pé ọmọ òun nù. Nígbà tí kò sí bàbá tàbí ìyá tó máa sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ọlọ́pàá ló sọ ọ́: wọ́n pè é ní Adam.

Oúnjẹ tí ènìyàn jẹ àti omi tó mu máa ń fi àmì ilẹ̀ tí wọ́n ti wá sínú egungun. O'Reilly àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ray Fysh, wá sí Nàìjíríà, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀, òkúta àti egungun ẹran láti ìlú dé ìlú. Àyẹ̀wò náà tọ́ka sí ilẹ̀ tó wà láti Ìbàdàn dé Benin City, wọ́n sì wá gbà pé agbègbè Benin City ni ọmọ náà ti dàgbà. Nelson Mandela pàápàá bẹ̀bẹ̀ ní 2002 pé kí ẹbí tí ọmọ wọn nù jáde wá. Wọn kò jáde. Ní 2006 wọ́n sin ọmọ náà ní London, àwọn ọlọ́pàá ló sì dúró bí ẹbí níbi ìsìnkú. Obìnrin kan dá orúkọ kan ní 2011, ó tún dá òmíràn ní 2013; kò sí èyí tó fìdí múlẹ̀. O'Reilly ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ó ṣì ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní Fort Worth, a mọ orúkọ àwọn ọmọ, a kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ní London, a mọ ibi tí ọmọ wà, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì ti bá iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tó lè dé. Ẹnu ènìyàn ló kù. Ẹnìkan bí ọmọ yìí. Ẹnìkan pọ̀n ọ́n. Ẹnìkan mú un wọ ọkọ̀ òfuurufú, aládùúgbò kan sì rí i.

Nígbà ìwádìí náà, àwọn ọlọ́pàá béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ London iye ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje, tí wọn kò rí mọ́ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án 2001. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni. Yàtọ̀ sí ẹyọ kan, ọmọ Áfíríkà ni gbogbo wọn. Méjì péré ni wọ́n rí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ jù lọ wà ní àlàáfíà, kí wọ́n ti padà sílé tàbí kí wọ́n ti kó lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ má jẹ́ ká dá àwọn ará London nìkan lẹ́bi. Àṣà rere ni kí ẹbí máa bá ẹbí tọ́ ọmọ. Òun ló tọ́ púpọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ní ilé, bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ àǹtí, ojú gbogbo àdúgbò ló ń ṣọ́ ọ. Níhìn-ín, ilẹ̀kùn gbogbo wa wà ní títì. Bí ọmọ kan kò bá wá sí òde mọ́, a ó ní, "Wọ́n ti gbé e lọ sílé," a ó sì bu jọ̀lọ́ọ̀fù.

Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọdébìnrin kan máa ń wá bá àwọn ọmọ wa ṣeré. Ó tó ọdún méjì tí a kò fi ojú kàn án, a kò sì béèrè, kí wọ́n má baà pè wá ní atọpinpin. Ìgbà tí a jókòó kọ àròkọ yìí ni ojú tì wá. A pe àwọn òbí rẹ̀. Wọn kò bínú, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta. Ìyá gbé fóònù fún ọmọ. Ó kí wa, ó ní òun ti wọ kíláàsì kẹrin. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká máa béèrè ọmọ ara wa. Bí ìdáhùn kò bá sì gún régé, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ojú ayé. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí á wá ọmọ wa tì. Àṣẹ.