Èdè Owó, Èdè Ìjà: Ìrìn-àjò Ìdílé Kan láti Lọ́ńdọ̀n sí Kétu

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Wọ́n ní bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò sí akọni tí yóò dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà. Ìdílé kan tí ó fi gúúsù Lọ́ńdọ̀n ṣe ibùgbé kò tètè rí ọgbọ́n inú òwe yìí lò. Ọdún 2004 ni ọkọ àti aya náà tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023 ni àwọn àti ọmọ wọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú kan náà wá sílé. Ọmọbìnrin, tí í ṣe àkọ́bí, jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9.

Ṣáájú àkókò yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá. Bàbá nìkan ni ó wá sin bàbá rẹ̀ ní ọdún 2012. Ìyá nìkan ni ó wá tọ́jú ìyá rẹ̀ ní ọdún 2017, nígbà tí ara ìyá àgbà náà kò le. Owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tí ó ń san owó ilé ní Lọ́ńdọ̀n. Wọ́n ṣírò owó náà dáadáa. Ohun tí wọn kò ṣírò ni ohun tí àìrìn pọ̀ wọn yóò gbà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbé Ayé ní Ìlú Ọba

Olùkọ́ Yorùbá ni bàbá yìí kí ó tó kúrò nílé. Ó gba ìwé ẹ̀rí NCE nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ó sì fi ọdún márùn-ún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta ní àrànmọ́ àti ìpàrójẹ, ewì àti àròkọ. Ní Lọ́ńdọ̀n, ọkọ̀ èrò ni ó ń wà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni aya rẹ̀ ń ṣe. Bí ọ̀kan bá ti ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ni èkejì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ òwúrọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fa àwọn ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé Yorùbá jìnnà sí wọn. Peckham ni ilé wọn wà. Ẹni tí ó bá gba òpópónà Rye Lane kọjá lọ́jọ́ Sátidé yóò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tí ń ná iṣu, ata rodo àti ẹja gbígbẹ. Nínú ọkọ̀ tí bàbá ń wà, èrò a máa fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú àti ti Èkìtì bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìbìkítà fún ẹni tí ó ń gbọ́. Àwọn ọmọ náà ń jẹ àmàlà, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì ń wọ aṣọ òkè bí wọ́n bá ń lọ sí òde ìyàwó. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kò tóbi. Nígbà tí ọmọbìnrin pé ọdún mẹ́ta, obìnrin kan ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ó ń lọ ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kì í tètè dáhùn, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá a sọ̀rọ̀ nílé, kí èdè méjì má baà dà á lọ́kàn rú. Olùkọ́ Yorùbá náà mi orí, ó dúpẹ́, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Yorùbá ti di ti àwọn àgbà nìkan nínú ilé náà.

Ohun tí àwọn òbí wá ń fi èdè náà ṣe ni ó yẹ kí a kíyè sí. Bí ìwé owó iná bá wọlé, Yorùbá ni wọ́n fi ń jíròrò rẹ̀. Bí ará ilé bá pè pé òun nílò ìrànlọ́wọ́, Yorùbá ni wọ́n fi ń dárò. Bí tọkọtaya bá ń jà, Yorùbá ni wọ́n fi ń jà, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. Ìwọ̀nba tí ó kan àwọn ọmọ kò ju àṣẹ lọ: "Jókòó," "Dákẹ́," "O ò gbọ́ràn." Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé bí òun bá ti gbọ́ tí Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní yàrá àwọn òbí òun, òun a máa yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, nítorí òun mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Èdè owó àti èdè ìjà ni ó mọ̀ ọ́n sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n a máa pe ìyá àgbà ní Imẹ̀kọ. Àwọn ọmọ a ní, "Ẹ káàsán mà." Ìyá àgbà a bẹ̀rẹ̀ sí í wúre, a béèrè bóyá wọ́n ń jẹun, a béèrè ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n a rẹ́rìn-ín, wọ́n a sì gbé fóònù fún ìyá wọn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá àgbà dẹ́kun ìbéèrè. Ó kàn ń wo ojú wọn.

Abẹ́òkúta: Ilé Olùkọ́ Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìyá àgbà ni ó ṣe okùnfà ìrìn-àjò náà. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ mú àwọn ọmọ náà lọ sí Kétu, níbi tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin lọ ilé ọkọ sí, kí ojú àwọn méjèèjì tó fọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdáhùn méjì. Wọ́n fi ọdún kan tọ́jú owó.

Nígbà tí wọ́n dé Ìkẹjà, wọ́n gba ọ̀nà Sángo àti Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí òun àti bàbá jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ṣì ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ara tu àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀n púpọ̀ ní ilé yìí. Kò sí ohun tí wọ́n nílò ògbufọ̀ fún, nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn ọmọ olùkọ́ náà ń sọ. Nígbà tí bàbá béèrè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n rántí pé kíláàsì kan náà ni wọ́n jókòó sí nígbà tí a kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì yege láìfi Gẹ̀ẹ́sì ṣòfò. Wọ́n ti fi ìdáhùn ìbéèrè yẹn gba máàkì nínú ìdánwò. Kò sí èyí tí ó lò ó nínú ilé rẹ̀.

Imẹ̀kọ: Ẹkún tí Ọmọ Kò Gbọ́ Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gba Ayétòrò dé Imẹ̀kọ nínú ọyẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kígbe "Òyìnbó!" tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà. Ó yà á lẹ́nu, nítorí ní Lọ́ńdọ̀n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé ibo ni ó ti wá gan-an.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kí ó lọ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà. Ó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó pe oríkì àbísọ rẹ̀, ó bọ́ sí ti orílẹ̀, ó ka àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ ń ga sí i. Ìyá ọmọ náà, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bú sẹ́kún. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo ẹni tí ń ké Yorùbá lé e lórí, ó wo ìyá rẹ̀ tí ń sunkún, ẹ̀rù sì bà á. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, "Kí ni mo ṣe?"

Ìbéèrè yìí ni ìyá rẹ̀ ní òun kò lè gbàgbé títí òun yóò fi lọ sọ́run. Ohun tí ó dára jù lọ tí ìran ọmọ náà ní láti fún un ni wọ́n ń fún un, ó sì rò pé wọ́n ń bá òun wí ni.

Kétu: Ìbéèrè Ọmọ Kan

Láti Imẹ̀kọ, wọ́n gba Ìlárá kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Aṣọ́bodè yẹ ìwé ìrìnnà wọn wò, wọ́n sì kọjá. Bàbá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé ààlà náà kò tíì pẹ́ tó ìlú. Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé tí ìtàn so mọ́ Ilé-Ifẹ̀. Ogun Dàhòmì fọ́ ọ ní ọdún 1886, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, tí ó sì fi Imẹ̀kọ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn tí ó ṣẹ́ kù ní ìgbèkùn padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Wọ́n fi ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà han àwọn ọmọ. Ìlú tí ó ti fọ́ tán, tí ó lọ sí oko ẹrú, tí ó tún bọ́ sábẹ́ Faransé, kò sọ èdè rẹ̀ nù.

Ní agbo ilé ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà, ọmọ-ọmọ ìyá náà kan wà tí òun àti ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Faransé ni èdè ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀; kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Lọ́ńdọ̀n ti kọ́ Faransé díẹ̀ níléèwé. Wọ́n sọ orúkọ ara wọn, wọ́n sọ ọjọ́ orí wọn, Faransé náà sì tán. Ọmọ Kétu bọ́ sí Yorùbá. Nígbà tí kò rí ìdáhùn, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì béèrè tọkàntọkàn pé:

"Ṣé wọn kì í sọ̀rọ̀ nílé wọn ni?"

Àwọn àgbà ní kí ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́, kò ṣe é kó mọ́. Bàbá tí ó gba ìwé ẹ̀rí Yorùbá gbọ́ ọ yékéyéké, ó sì dìde kúrò láàrin èrò bí ẹni tí ó fẹ́ lọ gba afẹ́fẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Àwọn ọmọkùnrin ilé náà ń ta ayò, wọ́n sì pè é. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò fẹ́ ògbufọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì ń bú alátakò rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Kétu bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mú igi, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí iyanrìn: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Àwọn ọmọ péjọ. Àwọn ti Kétu mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé a lè fi àmì ohùn yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀n mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìtumọ̀. Ohun tí ọ̀kan ní ni èkejì kò ní. Wọ́n jókòó ti ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọdún 2004, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọkùnrin náà kọ́ ẹnikẹ́ni ní Yorùbá, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì wà nínú kíláàsì.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n jíròrò ohun tí ojú wọn rí. Ìyá ní kì í ṣe òkè òkun ni ó gba èdè lẹ́nu àwọn ọmọ. Àwọn òbí ni wọ́n fi pamọ́ fún wọn. Bàbá jẹ́wọ́ pé òun mọ òtítọ́ nígbà tí wọ́n fún òun nímọ̀ràn tí kò tọ́, òun sì dákẹ́ nítorí pé àlejò ni òun. Ọmọkùnrin béèrè ìgbà tí wọn yóò tún padà lọ. Ọmọbìnrin ni ó dá òfin sílẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, bí àwọn òbí òun bá fẹ́ jà, kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì jà. Kí wọ́n jẹ́ kí Yorùbá wá sídìí oúnjẹ.

Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Kò rọrùn, nítorí iṣẹ́ òru kò yí padà, àárẹ̀ a sì máa mú kí ẹnu yà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin náà ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá àgbà lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà kan tí ó fẹ́ sọ pé òun ń dúró de ọkọ̀, ó gbé ohùn náà gba ibòmíràn, ó sì sọ pé òun ń dúró de ọkọ. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò burú, pé òun pẹ̀lú ń dúró dè é, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ àwàdà náà láìsí ògbufọ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó yan iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Ilé tí ó wà ní Peckham àti ilé tí ó wà ní Abẹ́òkúta, ọmọ ìyá ni wọ́n nínú ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ wa ní kíláàsì dára, ṣùgbọ́n ìdánwò tí kò ní máàkì ni ti ilé. Ọmọ Kétu nì kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè ni. Kí olúkúlùkù lọ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ òní.