Mo Du Ipò Akápò Nínú Géèmù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn pé èmi, baba ọlọ́mọ mẹ́ta, yóò máa tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn tí n kò fojú rí rí, n óò ní kí onítọ̀hún lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n mo tọrọ ìbò. Ipò akápò ni mo dù, nínú géèmù orí fóònù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Old School RuneScape ni wọ́n ń pe géèmù náà. Ilé-iṣẹ́ Jagex, ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ín. Ayé àlọ́ ni, ayé oṣó àti idà, ẹbọra àti dírágónì. Èèyàn á máa gégi, á máa pẹja, á máa rọ irin, títí yóò fi lágbára tí yóò lè kojú ohun abàmì. Ìbò ló sì bí i. Nígbà tí àwọn ògbólógbòó eléré ń ráhùn pé wọ́n ti tún géèmù àtijọ́ ṣe títí ó fi bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n dìbò ní ọdún 2013: ṣé kí a dá a padà sí bó ṣe rí ní 2007? Àwọn tó dìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 450,000. Láti ìgbà náà, ohun tuntun tó bá wúwo kì í wọ ayé yẹn àfi tí wọ́n bá dìbò sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi kí èèyàn 75 nínú 100 gbà. Ní 2022 ni wọ́n sọ ọ́ di 70. Ẹ wo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ atukọ̀: wọ́n dìbò lé e ní 2015, kò wọlé, ó tún padà wá ní 2023, ó wọlé, oṣù Kọkànlá 2025 ni ọkọ̀ tó bọ́ sójú omi. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Mélòó nínú òfin ìlú wa ló fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé e sórí fóònù mi ní 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Mo ní kí n kàn wò ó ni. Kò pẹ́ tí mo fi wọ ẹgbẹ́ kan níbẹ̀. Àwa 58 ni. Àwọn kan wà ní Èkó níbí, àwọn kan ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn tó kù wà ní Manchester, Peckham àti Houston. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ba ohun ńlá, yóò dá díẹ̀ sínú àpò ẹgbẹ́. Inú àpò yìí la ti ń yá àwọn ọmọ tuntun lówó ra ẹ̀wù ogun. Wúrà tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 900. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà, bí owó ṣe ń wà lọ́wọ́ alájọ. Bó bá wù ú, ó lè gbé e sá lọ lóru, kò sí ọlọ́pàá tí a óò ké sí.

Ẹ má sì sọ pé wúrà géèmù kì í ṣe owó. Nígbà tí owó Venezuela di yẹpẹrẹ, ní bíi 2017 sí 2019, ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ló ń fi wúrà yìí gan-an bọ́ ìdílé wọn. Wọ́n á ṣa á jọ nínú eré, wọ́n á tà á gba dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin géèmù lòdì sí i.

Nígbà tó ṣe, ìyàwó akápò wa bí ìbejì, ó ní òun kò ráyè mọ́. Àwa méjì la jáde fún ipò náà, èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Manchester. Èmi ṣèlérí pé gbogbo owó tó bá jáde àti èyí tó bá wọlé ni n óò máa kọ síbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Òun kò ṣèlérí kankan. Ó kàn rán wa létí pé ọdún méjì rèé tí òun ti ń yá àwọn ọmọ tuntun lówó láti inú àpò ara òun. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé irú olùdíje bẹ́ẹ̀ le.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn ni ọ̀nà tí a óò gbà dìbò. Alága wa ní kí gbogbo wa pé sí ojúde ààfin Lumbridge, níbi tí gbogbo ọmọ tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì dúró lápá ọ̀tún, kí èmi dúró lápá òsì, kí olúkúlùkù lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, kí a ka orí. Gbogbo wọn hó yèè. Wọ́n ní kò sí màgòmágó tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èmi ní rárá o.

Mo ti rí ìbò àtòsẹ́yìn rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú SDP àti NRC ń du ipò ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe dìbò: ẹ tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí ẹ fẹ́. Yàrá kan là ń gbé ní Mushin nígbà náà. Télọ̀ ni bàbá mi, èèkàn sì ni lánlọ́ọ̀dù wa nínú ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Bàbá mi lọ tò sí ìlà kejì. Lánlọ́ọ̀dù kò bínú o. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Télọ̀, mo rí yín o." Kí oṣù tó parí, ìwé kó-jáde ti dé. Orí ọmọlanke ni ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi bá dé Agége. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Bàbá mi kò dárúkọ ọkùnrin yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ní June 12, 1993, tí a fún olúkúlùkù láyè láti tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀ kó tó wá ju ìwé ìbò rẹ̀ sínú àpótí lójú gbogbo èèyàn, ó wọlé dé, ó fọwọ́ nu òógùn, ó ní, "Lónìí, èmi àti Ọlọ́run nìkan ló mọ̀."

Mo ròyìn èyí fún ẹgbẹ́. Mo ní nínú àwa 58, àwọn 17 ló jẹ àpò ẹgbẹ́ ní gbèsè, àwọn mìíràn sì jẹ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ èèyàn lówó, báwo ni yóò ṣe kẹ̀yìn sí i lójú ọjà? Alága rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, géèmù lásán mà ni." Èmi kò rí lásán kankan níbẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó wà lára àwọn ajigbèsè kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀: "Ẹ ṣé, sà. Èmi ò bá má wá rárá ni." Kò sọ ẹni tí òun fẹ́ dìbò fún. N kò sì bi í.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ lọ́dọ̀ wa o. EVE Online wà, géèmù inú òfuurufú tí wọ́n ṣe ní Reykjavik. Láti 2008 ni àwọn eléré ibẹ̀ ti ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń gbé wọn lọ sí Iceland lọ jókòó pẹ̀lú wọn. Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá a máa to orúkọ sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn: ẹni báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹni báyìí ló tẹ̀ lé e. A Tale in the Desert tún wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ayé àwọn Fáráò ilẹ̀ Íjíbítì. Ibẹ̀ ni eléré tí a bá dìbò yàn sípò igbákejì Fáráò ti ní agbára láti lé ẹni méje kúrò nínú géèmù títí láé. Ẹni méje! Ẹ tò sẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbangba kẹ́ ẹ wò ó.

Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá sọ òótọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní bòókẹ́lẹ́." Bóyá ibẹ̀ gan-an ló ti gba ìbò lọ́wọ́ mi, ta ló mọ̀? A lo Google Forms, a sì fi ọjọ́ mẹ́ta sí i, nítorí ẹni tí kò bá ní iná lónìí lè ní i lọ́la, ẹni tí dátà rẹ̀ tán yóò rí owó rà á, àwọn tó wà níbi iṣẹ́ òru náà yóò ti délé. Àwọn 55 ló dìbò nínú 58. Ní ìbò Ààrẹ ilẹ̀ wa ní 2023, orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló wà nínú ìwé. Àwọn tó dìbò kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ.

Nọ́ọ̀sì ní 33, èmi ní 22. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Ọmọ mi náà wà lára àwọn tó dìbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ń wò ó lójú níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì. Ó rọra ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a gbé àpò fún akápò tuntun ní ojúde Lumbridge. Gbogbo wa pagbo, a wọ ihámọ́ra, ẹnì kan sì ń jó láàárín agbo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni géèmù máa ń béèrè kí wúrà tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Akápò àtijọ́ gbà lẹ́ẹ̀kìíní. Ó dákẹ́. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. N kò rò pé èmi nìkan ni ọkàn mi ń lù kìkì. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló ń ké, òun lọ gbé e. Ó gbà lẹ́ẹ̀kejì, wúrà kọjá.

Nọ́ọ̀sì fi mí ṣe ayẹ̀wé-owó-wò. Gbogbo alẹ́ Sátidé ni a máa ń ka wúrà pọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, tí n óò sì kọ iye rẹ̀ síta. Ní Sátidé tó kọjá, ó ti di mílíọ̀nù 941. Ajigbèsè méjì ti san tiwọn tán. Ọmọ Abẹ́òkúta yẹn wà níbẹ̀.