Oúnjẹ Ìpamọ́ Létí Odò Ọya

Ẹran náà fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin tó mú un lọ́wọ́ gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ, ó sì rọra tẹ́ ẹ sórí àtẹ koríko lẹ́bàá títì. Ìyá Ìbejì fà mí lápá aṣọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wo ẹran bíi gèlè!"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹran màlúù tí kò tóbi ju ìkúùkù mi lọ ló wà lórí pákó níwájú ọkùnrin náà. Ó fi ọ̀bẹ gígùn kan là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jẹ́ kó já, ó yí i padà, ó tún là á, títí ẹran náà fi ń tú bí ẹní tí wọ́n ká. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò sì dúró. Nígbà tó ṣe tán, ẹran ìkúùkù kan ti gùn ju apá mi lọ, kò sì sí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Oṣù Kínní ọdún 2019 ni, ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ogún ọdún ni ìyàwó mi ti ń se oúnjẹ tà n'Ìbàdàn, ó sì pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ rí ibi tí kílíṣí àti fúrà ti ń wá. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tọkọtaya tó ń lọ sí Ítálì, tí wọ́n á máa ti ìlú orí òkè kan bọ́ sí òmíràn, láti Orvieto dé Montepulciano, tí wọ́n á máa tọ́ wáìnì àti wàràkàṣì ibẹ̀ wò. Ìrìn tiwa kò gun òkè, odò ló tọ̀. A gba Kútọnu àti Parakou dé Malanville, a gun afárá kọjá Odò Ọya bọ́ sí Gaya, a gba Dosso, a sì tún bá odò náà ní Niamey. Isa Beri ni àwọn Zarma tó ni ilẹ̀ náà ń pè é, ìyẹn ni odò ńlá.

Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ni ìyókù ọdún. Oòrùn tí àwa ń sá fún ni wọ́n sọ di ààrò. Ohun tí òjò oṣù mẹ́rin bá mú wá, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń gún un, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ títí òjò mìíràn á fi dé. Ìpamọ́ yìí ni mo rí nínú gbogbo oúnjẹ tí wọ́n gbé fún wa, òun náà ló sì ń fún wọn ládùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran wa, kílíṣí ló ń ṣe. Ẹran tó bá ti gbẹ lórí àtẹ ló ń mú wá síbi ọpọ́n kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò ló wà nínú ọpọ́n náà, wọ́n ti fi omi pò ó mọ́ ata, atalẹ̀, kànáfùrù, aáyù, àlùbọ́sà àti iyọ̀. Ó ki ẹran bọ inú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú méjèèjì bí ìyá tó ń fi òrí pa ọmọ lára, ó tún tẹ́ ẹ padà sí oòrùn. Ìgbà tó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kejì ni iná á ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lórí èédú, kí òórùn ẹ̀pà náà lè jáde. Iná kàn wá parí iṣẹ́ tí oòrùn ti ṣe ni.

Ìyá Ìbejì kán tiẹ̀, ó dún ká. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kànáfùrù nìyí. Atalẹ̀ nìyí. Wọn ò jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀." Kò pẹ́ tí ata fi dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní Petit Marché, ọjà tó wà láàárín ìlú, la ti mu ohun tó dúró bí wáìnì fún wa. Doonu ni àwọn Zarma ń pè é, fúrà ni lẹ́nu àwọn Hausa. Jéró ni wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sè, tí wọ́n wá ń fi ọwọ́ rún sínú wàrà kíkan. Ìyá tó ń tà á jókòó ti igbá ràgàjì kan. Ó fi ìpọn bù ú, ó gbé e sókè, ó dà á padà láti òkè wá, ó tún bù ú, títí ìfófòó fi bo ojú igbá. Mo béèrè iye tó jẹ́, ó ní dala 40. Bàbá kan tó ń ta nǹkan ìkọ́lé nítòsí gbọ́ wa, ó sì fi èdè Yorùbá là á yé wa pé fránkì CFA 5 ni dala kan nínú ìṣirò ọjà, fránkì 200 ni ìyá náà ń sọ.

"Ẹ ṣé o, bàbá wa," ni ìyàwó mi wí, ó ti kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ti pẹ́ níbí?"

"Ọmọ mi márààrún, ibí ni mo bí wọn sí. Ẹ mu fúrà yín kó tó móoru."

A mu ún. Ó tutù, ó kan díẹ̀, eérún jéró sì ń rún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ eyín. Ahá kan gbé wa dé ìrọ̀lẹ́, ebi ò pa wá.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, a lọ sí Boubon, ní nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Niamey lápá òkè odò. Ìlú amọ̀kòkò ni, obìnrin ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ ọjà wọn. Ìkòkò omi ńláńlá tò lórí iyanrìn. Omi tó bá sun inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ mọ́jú máa ń tutù, nítorí pé amọ̀ ń làágùn, atẹ́gùn sì ń gbẹ òógùn náà. A jẹ dambou níbẹ̀, oúnjẹ Zarma: ìrẹsì fífọ́ tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n yí mọ́ ewé móríńgà, àlùbọ́sà, òróró àti kúlíkúlí lílọ̀. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n tún bu sí i.

Obìnrin Fúlàní kan ló ta tchoukou fún wa. Wàràkàṣì ni, ó pẹlẹbẹ, ó sì le bíi páálí. Àwọn Fúlàní n'ílẹ̀ wa ń ta wàrà rírọ̀ tó ń we inú omi ara rẹ̀. Tí wọn ò bá tètè dín in, á bàjẹ́. Èyí yàtọ̀. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ ẹ sí nígbà tó ṣì tutù, oòrùn sì gba gbogbo omi ara rẹ̀. Ìyàwó mi fi ìka tọ ara rẹ̀, ó pè mí kí n wá wò ó: ojú ẹní náà ti hun ara rẹ̀ sí i lára, okùn kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Ó ra mẹ́fà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, a jókòó létí odò, a ń wo Afárá Kennedy tí wọ́n ṣí ní 1970. Ràkúnmí ń bá mọ́tò kọjá lórí rẹ̀. Ẹja tó wà níwájú wa ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní capitaine; giwan ruwa, erin inú omi, ni àwọn Hausa ń pè é. Èédú ti jẹ awọ rẹ̀ dúdú, ẹran inú rẹ̀ sì funfun, ó ń ṣí ní abala-abala. Àlùbọ́sà Galmi, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú tó ti wá, ló bò ó lórí.

Odò náà kún, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu jù. Ọyẹ́ ti la ètè wa, òjò ti lọ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, síbẹ̀ omi kún dé ìdí koríko. Apẹja kan ló ṣàlàyé fún wa. Òjò tó mú omi yìí wá kò rọ̀ ní Niamey. Orí àwọn òkè Gíní ló ti rọ̀, ó ṣàn wọ Málì, ó tẹ́ rẹrẹ sínú àbàtà ńlá tó wà níbẹ̀, ó wá ń rọra bọ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ bá mú tán ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìyá Ìbejì dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó nu ọwọ́. "Bàbá Ìbejì, odò yìí náà mọ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn."

A ti padà sílé nígbà tí mo rántí pé omi náà kò dúró sí Niamey. Ó wọ Nàìjíríà, ìsédò Kainji tí wọ́n kọ́ parí ní 1968 sì tún dá a dúró, ó pa á mọ́, iná mànàmáná ń ti ibẹ̀ jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, òkùnkùn bo àdúgbò wa. Ìyàwó mi ń fi ọwọ́ wá tchoukou tó kù nínú agolo, ó fẹ́ rún un sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Lójijì ni àwọn ọmọdé hó gèè, iná ti dé. Kò tíì rún un. Ó gbé e sókè níwájú gílóòbù, bí ọkùnrin ẹlẹ́ran ìjọ́sí ṣe gbé ẹran rẹ̀ sí oòrùn, ó sì ní kí n wá wò ó. Ojú ẹní náà ṣì wà lára rẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan.